Ta ló máa ṣa ọ̀rá ọjà yín nílẹ̀?

Ọjọ́ Sunday ni ìjọba Èkó fi òfin fóòmù jáde, 21 January 2024, àwo funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń bu ráìsì sí yẹn. Kọmíṣánnà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, Tokunbo Wahab, gbé e sórí X pé láti ìsinsìnyí lọ, kò sí títà, kò sí lílò mọ́. Tí ẹ bá lẹ́ni tó ń ta oúnjẹ lásìkò yẹn ẹ máa rántí bí Monday ṣe rí, gbogbo wọn ló ń wá abọ́ bébà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó ń ta abọ́ bébà náà sì ti gbọ́ ìròyìn, wọn ò kúkú sùn. Ìjọba padà fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé kí wọ́n fi ta èyí tó wà nílẹ̀ tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ẹni tó ti ra fóòmù kún yàrá kan sílẹ̀, ṣé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa fi lò ó tán?

Èmi ò ta oúnjẹ sísè o. Ata gbígbẹ lílọ̀, edé àti èlùbọ́ ni mò ń dì tà, n'Íkòròdú níbí, nínú ọ̀rá, nínú rọ́bà onídèérí, àti nínú sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré. Òfin ọjọ́ yẹn ò kàn mí, àmọ́ mo rí ojú àwọn tó kàn, mo sì mọ̀ pé tèmi ń bọ̀ lọ́nà. Ó sì dé lóòótọ́: 1 July 2025 ni Èkó bẹ̀rẹ̀ ti àwọn ike tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ká tó sọ ọ́ nù, ife rọ́bà, síbí rọ́bà, sítírọ̀, àti ọ̀rá tó bá fẹ́lẹ́ ju 40 micron lọ (micron kan ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà). Píọ́ wọ́tà àti ìgò ike ò sí níbẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ní kí àwọn tó ń ṣe é wá bí wọ́n ṣe máa máa kó o padà. Ìjọba àpapọ̀ náà ti ní láti June 2024 pé àwọn ò fẹ́ rí ike alòsọnù ní àwọn ọ́fíìsì ìjọba mọ́. Àwọn ará Kútọnu ti ṣòfin ọ̀rá tiwọn láti 2017, ọdún yẹn náà ni Kẹ́ńyà ṣe tiwọn, Rùwáńdà ti wà lẹ́nu ẹ̀ láti 2008. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun ò gbọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa tó ń ṣe bísínẹ́ẹ̀sì kékeré ń ṣe ni pé a máa ń dúró de déètì. Wọ́n á ní July, àwa náà á ní ó di July. Tí July bá wá ń sún mọ́lé, a ó máa gbàdúrà kí wọ́n sún un síwájú. Ká sòótọ́, wọ́n máa ń sún un. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọtí sáṣẹ́ẹ̀tì: December 2018 ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn pé wọ́n máa mú un kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, January 2022 NAFDAC ní àwọn ò forúkọ tuntun sílẹ̀ mọ́ fún ọtí inú sáṣẹ́ẹ̀tì àti ti inú ìgò tí ò tó 200ml, ó di February 2024 wọ́n ní ó ti tó, kò gbọdọ̀ sí mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ sí títì, àwọn aṣòfin dá sí i, ni wọ́n bá tún sún un di December 2025. Ẹlòmíì á ka ìtàn yìí á ní "ṣẹ́ ẹ rí i, ariwo lásán ni". Èmi ò kà á báyẹn o. Ẹ ro ti ẹni tó ń ṣe ọjà yẹn láti 2018, tí ò mọ̀ bóyá kóun ra ẹ̀rọ tuntun, tí ò mọ̀ bóyá kóun tẹ ráàpà ọdún kan tàbí ti oṣù méjì, tí gbogbo ètò ẹ̀ wà lẹ́nu ẹlòmíì fún ọdún méje. Kí òfin dé kó parí sàn fún mi ju kó máa rọ̀ dirodiro lórí mi lọ.

Nítorí náà mo ti yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ déètì. Ìbéèrè méjì ni mo gbájú mọ́: kí gan-an ni mo fi di ọjà yìí, ta ló sì máa ṣa á nílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá lo ohun inú ẹ̀ tán. Ẹni tó bá lè dáhùn méjèèjì, ibi yòówù kí òfin gbà wá, kò ní bá a lábo.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, Lọ́ńdọ̀nù ló ti wá bá mi. Àǹtí kan wà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Peckham, ó ti ń gba ata lọ́wọ́ mi ọjọ́ ti pẹ́, ó pè mí lórí WhatsApp: "Àbúrò mi, àwọn tó ń bá wa kó ẹrù wọlé ní kí n bi ẹ́, rọ́bà ata yẹn, gíráàmù mélòó ni? Kí ni wọ́n fi ṣe ìdérí ẹ̀?" Mo ní, "Àǹtí mi, ata inú ẹ̀ ni àbí rọ́bà ẹ̀?" Ó ní rọ́bà ẹ̀ ni o, òun náà ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe rèé. Láti April 2022, ìjọba Bìrìtéènì ń gba owó orí lórí ike tí wọ́n fi di ọjà tí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ kò bá jẹ́ ike àtúnlò. £200 lórí tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, April 2025 ó ti di £223.69. Ẹni tó bá ń ṣe é tàbí tó ń kó o wọlé tó tó tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lọ́dún ló kàn, ike tó ti lọ́jà nínú tẹ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀, kì í ṣe òfìfo nìkan. Òmíì tún wà lọ́tọ̀, pé iléeṣẹ́ tó bá ń pa ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ lọ́dún tí ohun ìdìjà tó ń kó jáde sì ju tọ́ọ̀nù 25 lọ gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba, bébà lọ́tọ̀, ike lọ́tọ̀, dígí lọ́tọ̀. Àǹtí mi ò tó bẹ́ẹ̀ rárá, èmi gan-an ò tó ìdá kan nínú ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń kó kóńténà wọlé tó bẹ́ẹ̀, òun ló sì ń bi àǹtí mi, àǹtí mi wá ń bi mí. Báyìí ni òfin ṣe ń rìn. Kì í kan ilẹ̀kùn kékeré, ẹnu ọ̀nà ńlá ló ń gbà wọlé, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ títí á fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ ata n'Íkòròdú.

Mo gbé síkéèlì kékeré tí a fi ń wọn yíìsì jáde, èyí tó lè ka ìdá gíráàmù. Rọ́bà fúnra ẹ̀, gíráàmù 21. Ìdérí, 6. Sítíkà, 0.9. Ọ̀rá tín-ín-rín tó há mọ́ ìdérí lọ́rùn kí èèyàn lè mọ̀ pé wọn ò tíì ṣí i, 0.5. Ìwọ̀n yẹn rọrùn. Ohun tí wọ́n fi ṣe é ló tó iṣẹ́. Ẹ yí ìdí rọ́bà sókè, ẹ máa rí nọ́ńbà nínú igun mẹ́ta kékeré: 1 ni PET, ìyẹn ike ìgò omi, 2 ni ike líle bíi ti kẹ́ẹ̀gì, 4 ni ọ̀rá rírọ̀ bíi ti píọ́ wọ́tà, 5 ni ti ọ̀pọ̀ ìdérí, 6 ni fóòmù tí Èkó lé lọ yẹn. Rọ́bà mi jẹ́ 1, ìdérí jẹ́ 5. Ọ̀rá ọrùn ò ní nọ́ńbà kankan. Mo bi ẹni tó tà á fún mi, ó ní "original ni, Mádáàmù". Original kí ni? Ó ní original ni ṣá.

Mo wá gé díẹ̀díẹ̀ nínú wọn sínú bóòlù omi. Ìdérí léfòó. Rọ́bà rì. Ọ̀rá ọrùn náà rì. Ẹ má fojú kéré eré ọmọdé yìí o, nítorí ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an nìyẹn níbi tí wọ́n ti ń tún ike lò: wọ́n á rún gbogbo ẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á dà á sómi, ìdérí á léfòó wọ́n á kó o kúrò, PET á wà nísàlẹ̀. Ohunkóhun tó bá wá tẹ̀ lé PET lọ sísàlẹ̀ tí kì í ṣe PET, wàhálà ni. Irú ọ̀rá ọrùn yẹn sábà máa ń jẹ́ PVC, irú ike mìíì tó yàtọ̀ sí PET, tí wọ́n bá sì yọ́ PVC pọ̀ mọ́ PET, díẹ̀ báyìí ti tó láti sọ gbogbo ẹ̀ di pupa rẹ́súrẹ́sú. Ìdajì gíráàmù lára ohun tó wọ̀n tó gíráàmù mọ́kànlélógún. Mo yọ ọ́ kúrò, sítíkà bébà tó gba orí ìdérí kọjá ni mò ń lò báyìí, kọ́sítọ́mà kan ò sì ṣàròyé.

Ti 40 micron ńkọ́? Bí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ oní-náílọ́ọ̀nù tí ẹ ní ẹ fẹ́ èyí tó nípọn, á fi ọwọ́ fà á lójú yín, á ní "ẹ wò ó, kò já". Ìyẹn kì í ṣe ìwọ̀n. Ẹ kó ọ̀rá mẹ́wàá léra wọn, ẹ gé e níbùú sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, lóròó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ojú méjì méjì ni ọ̀rá kọ̀ọ̀kan nítorí náà ẹ máa ní ewé ogún, ẹ wá wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ 40 micron, ó yẹ kó tó nǹkan bíi gíráàmù 7.4. Tí síkéèlì bá ka márùn-ún, ẹni yẹn ti rẹ́ yín jẹ, ẹ̀yin lẹ sì máa jẹ́jọ́ níwájú àwọn tó bá wá yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe òun. Mo ti fi síkéèlì yìí dá ẹrù padà fún ẹni kan rí ní Mushin, ó wò mí bíi pé mo bú u.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìbéèrè kejì, èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

L'Ékòó, kì í ṣe ìjọba ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa tún lò. Àwọn tó ń ṣa nǹkan ló ń pinnu ẹ̀. Àwọn oníkóńdẹ́ẹ̀mù, baba bọ́lá, àwọn ìyá tó ń ṣa ràgọ̀lìsì lẹ́yìn òde àríyá, àwọn tó wà lórí ààtàn Olúṣósùn l'Ójọta látàárọ̀. Ohun tó bá lówó lórí, wọ́n á mú un. Ohun tí ò bá lówó lórí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá, ojú gọ́tà ló máa lọ. Wecyclers ti mọ ìyẹn láti 2012 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ kiri àdúgbò tí wọ́n ń fún àwọn èèyàn ní póìntì fún ike, wọ́n mọ̀ pé ìwàásù nìkan ò lè kó ilẹ̀.

Mo kó gbogbo ohun tí mo fi ń di ọjà sínú àpò kan mo gbé e lọ bá ọ̀gá kan tó ń ra ike lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣa á, kò jìnnà sí wa. Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára. Rọ́bà ata, ó wò ó sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó jù ú sápá ọ̀tún, "èyí dáa, ó mọ́". Ìdérí, ó jù ú sínú àpò àwọn ìdérí. Rọ́bà edé tó jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó fà á sẹ́yìn díẹ̀, ó ní wọ́n ń rà á àmọ́ owó ẹ̀ ò tó ti funfun tó mọ́ gaara. Ọ̀rá èlùbọ́, ó fọwọ́ pa á, ó ní tó bá gbẹ tó sì mọ́ òun máa gbà á pẹ̀lú ti píọ́ wọ́tà. Ó wá kan sáṣẹ́ẹ̀tì. Ó fi ìka méjì mú un. "Mádáàmù, èyí ò lówó lórí." Ó fi lé mi lọ́wọ́.

Ìdí tí ò fi lówó lórí ni pé sáṣẹ́ẹ̀tì tó ń dán nínú yẹn kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo, ó kéré tán nǹkan mẹ́ta ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ra, ike tí wọ́n ń tẹ̀wé sí lókè, álúmíníọ́ọ̀mù láàárín, ọ̀rá tó ń gba iná lẹ̀ ní inú. Kò sẹ́ni tó máa jókòó ya wọ́n sọ́tọ̀. Òun kan náà ni ti tòmátò, ti ọṣẹ ìfọṣọ, ti mílíìkì. Tí ẹ bá rí gọ́tà tó dí lẹ́yìn òjò, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀, ẹ máa rí sáṣẹ́ẹ̀tì ju ìgò lọ, ìgò ti lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń rà á.

Ọ̀rọ̀ aláwọ̀ ewé yẹn, kì í ṣe èmi nìkan ló dé bá. Ní 2022, Coca-Cola kó ìgò Sprite kúrò ní aláwọ̀ ewé sí funfun l'Ámẹ́ríkà, nítorí pé ike aláwọ̀ kò ṣeé fi ṣe ìgò tuntun funfun. Sprite o, tó ti fi àwọ̀ yẹn polówó ara ẹ̀ fún bíi ọgọ́ta ọdún. Èmi tí mo mú aláwọ̀ ewé nítorí kí edé lè yàtọ̀ sí ata lórí pẹpẹ, kí ni mo fẹ́ sọ? Edé ti bọ́ sínú funfun, léébù ló ń dá yàtọ̀ báyìí.

Ẹni tó bá ti ń gbọ́ EPR, EPR lẹ́nu àwọn NESREA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òfin àyíká, kò ju pé ẹni tó ṣe ọjà ló máa sanwó kíkó ohun tó fi dì í lọ. Láti 2014 ni ìlànà ẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà. Àwọn ńlá bíi Coca-Cola, Nestlé àti Seven-Up kóra jọ ní 2018, wọ́n dá Food and Beverage Recycling Alliance sílẹ̀, wọ́n ń dáwó jọ fún àwọn tó ń kó ike. Èrò tèmi ni pé owó yẹn máa kan àwa kékeré náà lọ́jọ́ kan, á sì máa jẹ́ lórí ìwọ̀n, kílò báyìí ní iye báyìí, tí ohun tí ò lówó lórí á sì wọ́n ju èyí tó lówó lórí. Ìwé kékeré tí mo kọ gíráàmù mi sí ni mo máa gbé jáde.

Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé òyìnbó ló kọ́ wa ní kí ìgò padà sílé. Ẹ dákẹ́ jàre. Ta ni ò rántí kíréètì mínírà? Tí ẹ ò bá gbé òfìfo lọ, ẹ ò ní gbé ẹ̀kún bọ̀, àbí kẹ́ ẹ fi owó ìgò sílẹ̀, màmá wa á sì ka ìgò lẹ́yìn ìnáwó títí ilẹ̀ á fi ṣú nítorí ẹni tó bá sọ ìgò nù ló máa san án. Ohun tí Jámánì ń ṣe láti 2003 nìyẹn, sẹ́ǹtì 25 lórí ìgò ike kan, òun náà ni Bìrìtéènì ní àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní October 2027. Ìgbà tí ìgò ike dé tó fúyẹ́ tó sì pọ́ọ́kú ni a sọ kíréètì nù, kì í ṣe pé a ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwọn tó sì ń sọ pé "ẹ padà sí ewé", mo gbọ́ yín. Mo fẹ́ràn mọ́ínmọ́ín ewé ju ti ọ̀rá lọ, kò tiẹ̀ sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ ẹ bá mi fi ewé eéran di ata tó máa lo oṣù mẹ́fà lórí pẹpẹ ní Peckham, kí n wò ó.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù jù ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta "biodegradable". Lẹ́yìn òfin fóòmù ni gbogbo ọjà kún fún un, ọ̀rá tó ní àwòrán ewé lára, ẹ bi wọ́n níwèé, kò sí. Òmíì wà tí wọ́n po kẹ́míkà mọ́ tó fi máa ń fọ́ sí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àwọn ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de ìyẹn láti July 2021 nítorí pé kò jẹrà, ó kàn ń di ike kéékèèké ni. Èyí tó ń jẹrà lóòótọ́ máa ń ní ìwé, EN 13432 ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ó sì wọ́n. Abọ́ bébà náà, ẹ ya inú ẹ̀ wò, ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi tẹ́ ẹ kí ọbẹ̀ má bàa jò, oníkóńdẹ́ẹ̀mù ò sì rà á.

Ohun kan tó gba mí lówó ìnáwó ni pé mo dẹ́kun títẹ gbogbo ọ̀rọ̀ sára ọ̀rá. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní sílíńdà tiẹ̀, ẹ ó sanwó sílíńdà, wọn ò sì ní tẹ̀ ẹ́ tí kílò ẹ̀ ò bá pọ̀, tí òfin bá wá yí, gbogbo ẹ̀ di ìdọ̀tí. Orúkọ àti àwòrán ata nìkan ló wà lára ọ̀rá mi báyìí, ohun tó lè yí wà lórí sítíkà, mo sì ń tẹ sítíkà díẹ̀díẹ̀. Ẹ rántí pé tí ọjà yín bá ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó yí ohun tẹ́ ẹ fi dì í, ẹ má ṣe é tán kẹ́ ẹ tó máa wá sọ.

Sáṣẹ́ẹ̀tì ló kù. Òun ló ń tà jù fún mi. Ìyá tó fẹ́ se ìkòkò ọbẹ̀ kan lónìí, kò lówó rọ́bà, owó sáṣẹ́ẹ̀tì kan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, tí mo bá sì ní mi ò ṣe é mọ́, ẹlòmíì á ṣe é fún un lọ́la. Mo gbìyànjú ọ̀rá lásán tó nípọn, ẹyọ ohun kan ṣoṣo, tí ọ̀gá yẹn máa gbà. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń dán lórí pẹpẹ kan náà. Kò pẹ́ tí ata inú ọ̀rá lásán fi ń ṣá, òórùn ẹ̀ ń lọ, ti inú sáṣẹ́ẹ̀tì ṣì pupa fòò. Álúmíníọ́ọ̀mù yẹn ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ibi tí ìṣòro ẹ̀ wà gan-an nìyẹn.

Ohun tí mo ń dán wò báyìí ni bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ata kílò márùn-ún nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí, kí ìyálọ́jà máa fi síbí wọ̀n ọ́n tà, kí bọ́kẹ́ẹ̀tì padà wá sọ́dọ̀ mi kí n fọ̀ ọ́ kí n tún un rọ. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé wọ́n lè po nǹkan mọ́ ọn. Ìyá kan ní ọjà Sábó ti gbà láti gbé méjì, ó ní òun máa tà á dáadáa, àmọ́ òun ò ní máa sọ fún ẹnikẹ́ni pé tèmi ni, àyàfi tí mo bá bá òun ra agbòòrùn tuntun tí orúkọ mi wà lára ẹ̀. Mo ti bèèrè iye tí wọ́n ń ta agbòòrùn. A ṣì ń fà á lọ́wọ́.